Ẹja Inú Omi, Ẹja Orí Yìnyín: Ohun Tójú Wa Rí ní Valencia

Fóònù ló kó bá wa. Òun ló sọ pé "pez" ni wọ́n ń pe ẹja ní èdè Sípéènì, ọ̀rẹ́ mi sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀ sí Mercado Central ní Valencia. Ọjà yẹn rẹwà jọjọ. Ọdún 1928 ni wọ́n ṣí i, òrùlé rẹ̀ ga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹlẹ́ja sì ní apá tiwọn lọ́tọ̀.

"Quiero pez," lọ̀rẹ́ mi wí, ìyẹn "mo fẹ́ ẹja."

Ìyá ẹlẹ́ja gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó na apá méjèèjì bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́: "Pez!" Ó wá fọwọ́ gbá ẹja orí yìnyín gbàà: "Pescado!"

Ẹ̀kọ́ tán. Èyí tó ṣì ń wẹ̀ lódò ni pez. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, z á kúrò, c á dé: peces. Tí wọ́n bá ti pa á, tó di ohun jíjẹ, pescado ni. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní Oceanogràfic, ibi tí wọ́n ti ń wo ẹja ní Valencia, peces ni wọ́n. Tàwo ọbẹ̀, pescado.

Àfi bí mo ṣe rí àkọlé "pez espada", ìyẹn ẹja idà, lórí ẹja kan tí wọ́n ti gé sí ègé ńláńlá, tí orí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí imú rẹ̀ bí idà nà sókè. Mo nawọ́ sí i. Òkú ẹja yìí ni pez? Ìyá gbé èjìká sókè: orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Wọn ì báà dín in, wọn ì báà sun ún, pez náà ni yóò máa jẹ́. Ta ni n ó bá jà?

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n rẹ́ wa jẹ. Ní ilé oúnjẹ kan létí òkun, a béèrè pescado bó ṣe yẹ, agbáwo sì yìn wá. Ó gbé odindi ẹja wá fi hàn wá, ó ń dán. Síbi tó yẹ kí iye owó wà, "S/M" ni wọ́n kọ: según mercado, bí ọjà bá ṣe rí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ owó títí ìwé owó fi dé. Kílò ni wọ́n fi ń tà á, tútù ni wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n, tòun ti orí àti eegun. Ẹ tètè bi wọ́n pé "¿A cuánto sale el kilo?", ìyẹn "èló ni kílò kan?", kó tó wọ iná, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lójú yín.

Ẹja náà dùn ṣá. Búrẹ́dì tá ò béèrè tí wọ́n tún kà mọ́ ọn ló ṣì ń bí mi nínú.