Ìmúrasílẹ̀ koríko iwájú ilé wa l'Ákóbọ̀, n'Ìbàdàn, de òjò àkọ́rọ̀

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà

Òjò ṣì ń rọ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa kì í fọwọ́ kan koríko wọn àfi tí òjò bá tún padà dé lóṣù Ẹrẹ́nà. Lójú tèmi, ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Gbòǹgbò ni koríko fi ń la ẹ̀ẹ̀rùn já, ìgbà tí ilẹ̀ ṣì tutù ni gbòǹgbò sì ń ráyè rìn.

Carpet grass ló pọ̀ jù níwájú ilé nítorí ìbòòji igi máńgòrò. Ibi tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín, koríko Bahama ni mo gbìn síbẹ̀.

Èpò ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Patanmọ́ kò le fà nígbà òjò, kéèyàn ṣáà wọ ìbọ̀wọ́ nítorí ẹ̀gún. Èpò tó jẹ́ ìbátan òfio yẹn ló ń gba sùúrù: kóóró rẹ̀ dúdú, wọ́n so kọ́ra lábẹ́ ilẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Téèyàn bá fa ewé lásán, kóóró á ṣẹ́kù, á sì tún hù. Ọ̀bẹ ni mo fi ń wa wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àárín Ọ̀wàrà

Ilẹ̀ yangí ni tiwa, ibi tí a ń gbà lọ sí géètì sì ti le gan-an. Òjò rọ̀ mọ́jú, síbẹ̀ nígbà tí mo ti fọ́ọ̀kì ọgbà bọ ilẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, erùpẹ̀ gbígbẹ ló bá a jáde. Gbogbo omi yẹn, inú gọ́tà ló ń ṣàn lọ! Mo gún ibẹ̀ káàkiri, mo ń mi fọ́ọ̀kì díẹ̀ kí n tó fà á yọ, mo wá fi ìgbálẹ̀ gbá yanrìn àti ìgbẹ́ adìẹ sínú ihò. Ìgbẹ́ adìẹ náà ti jẹrà dáadáa, kò gbóná, kò sì ta símú mọ́. Tútù rẹ̀ máa ń jó koríko.

Ibi tó pá, mo gé ìtàkùn carpet grass olóríkèé mẹ́ta-mẹ́ta, mo rì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wọ́n ajílẹ̀ NPK 15-15-15, bíi gíráàmù 30 sí mítà kan níbùú lóròó, mo sì bomi rin ín. N kò fi ajílẹ̀ yùríà sí i: ewé múlọ́múlọ́ ló máa ń tì jáde, ọyẹ́ á sì pa wọ́n.

Oṣù Bélú

Ìtàkùn ti ta gbòǹgbò. Mo fà á wò, kò yẹ̀. Bàbá ẹ̀gbẹ́ ilé wa rí mi pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgékoríko, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fi irun díẹ̀ sí i lórí o." Òótọ́ ni. Sẹ̀ǹtímítà 6 ni mo ń fi sílẹ̀ báyìí, kí ewé lè bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ewé máńgòrò náà kì í sùn lórí ẹ̀ mọ́, mò ń há a kúrò.

Kànga ni mo ń ṣọ́ báyìí. Tí omi bá ti ń fà, ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni màá máa bomi rin láàárọ̀ kùtù, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi lè wọlẹ̀ dé gbòǹgbò. Bahama lè pọ́n bó bá fẹ́, kò kú.