Eyín méjì tí kò jẹ̀bi

Nínú ọyẹ́ ni ìrora náà kọ́kọ́ mú mi, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń bọ́jú nílé wa ní Kàbà. Bí ọwọ́ mi ṣe kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún báyìí, ńṣe ló dà bí ẹni pé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì gbé mi láti etí dé àgbọ̀n, kí n sì tó pariwo, ó ti lọ. Nígbà tó yá, ó ń mú mi bí mo bá ń jẹ iyán, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, àti bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí mi lójú lórí ọ̀kadà.

Gbogbo wa gbà pé akokoro ni. Wọ́n yọ eyín kan, ìrora kò lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì wọ́n yọ èkejì, ìrora ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bi mí bí ó ṣe ń ṣe mí, wọ́n kàn ní kí n fi ìka tọ́ka sí ibi tó ń dùn mí ni. Èmi náà kò sì sọ, nítorí mo rò pé bí mo bá ní ìrora tí kì í pé ìṣẹ́jú kan ń pa mí lẹ́kún, wọn yóò ní àsọdùn ni.

Àǹtí mi kan ní Ìyàrà ní ẹnìkan ló fi ṣe mí, wọ́n sì sín gbẹ́rẹ́ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. N kò bínú sí wọn. Bí ilé ìwòsàn kò bá rí orúkọ fún ohun tó ń ṣe èèyàn, àwọn ará ilé ni yóò wá orúkọ fún un. Èyí tó dùn mí jù ni diclofenac àti ibuprofen tí mo ń gbé mì lórí inú òfìfo títí tí inú fi ń ta mí, bẹ́ẹ̀ ìrora ojú kò dín kù rárá, nítorí pé ibi tó wú ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń bá jà, ojú tèmi kò sì wú.

Ìlọrin ni mo ti rí dókítà tó mọ̀ ọ́n. Ó ní, “Ẹ má tíì sọ ibi tó wà fún mi, mà; ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín.” Ó bi mí bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ni, bó ṣe máa ń pẹ́ tó, ohun tó ń fà á, àti bí ara ṣe ń rí kó tó tún dé. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti mọ̀ ọ́n: trigeminal neuralgia, àìsàn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú lọ sí ọpọlọ. Ó ní kí n lọ ya àwòrán MRI, èyí tó ń fi inú orí hàn, kí a lè mọ̀ bóyá kókó tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ń tẹ iṣan náà ni.

Carbamazepine ló kọ fún mi. Nígbà tí mo kà á nínú páálí pé oògùn wárápá ni, mo fi í pamọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ẹ mọ ojú tí àwọn èèyàn wa fi ń wo ẹni tó ní wárápá, ojú tí kò sì tọ́ sí ẹnikẹ́ni. Dókítà tún ṣàlàyé pé oògùn tó ń pẹ̀tù sí iṣan inú ọpọlọ lè pẹ̀tù sí ti ojú náà. 100 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀, a sì ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Òòyì kọ́ mi ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ara mi bá sú, kí n padà wá lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, mo fi omi tútù bọ́jú.

Ẹ̀yin tí ìrora yín ti ju oṣù 3 lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ aago tó dé, ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, bó ṣe pẹ́ tó, bóyá ó ń jó ni, ó ń gún ni, tàbí ó ń ta bí iná, kí ẹ sì fún un ní máàkì láti 0 dé 10. Ẹ gbé ìwé náà dání lọ bá dókítà. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín yín, ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí lára eyín náà nínú àwòrán, nítorí eyín tí wọ́n bá ti yọ kì í padà.

Oṣù kan wà tí oògùn náà wọ́n ní Kàbà, mo sì pa á tì fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìrora náà padà dé bí ẹni pé kò lọ rí. Nísinsìnyí, bí èyí tó wà lọ́wọ́ mi bá ti ku ti ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti ń pe ọmọ mi ní Lọ́kọ́ja pé kó bá mi ra òmíràn.