Ta ló ni Ìbàdàndùn?

Sátidé, aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá

Láti Ọjọ́bọ̀ ni láptọ́ọ̀pù mi ti wà lọ́wọ́ Ẹnjiníà ní Ọláìyá. Mo ní n ó kàn gbà á lónìí ni, kí n máa lọ. Aago mẹ́rin ti lù kí n tó kúrò níbẹ̀, aṣọ àdìrẹ tí mo fẹ́ rẹ wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. N ò kábàámọ̀. Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ àdàkọ tó wáyé níbẹ̀ sílẹ̀ kó má baà di ìgbàgbé.

Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta ló gbé nǹkan tó bàjẹ́ wá. Àríyànjiyàn làwọn míì ń bá bọ̀. Fóònù ni wọ́n ń jà lé lórí nígbà tí mo dé: ọ̀kan ní tòkunbọ̀ olówó gọbọi lòun ó máa lò títí, èkejì ní kó gbé e wá ká fi bátìrì wé bátìrì. Ní tèmi, nílùú tí iná ti ń lọ láìdágbére, èyí tó bá pẹ́ lórí ṣájì ni mo máa rà. Ó tán.

"Àǹtí, ẹ jókòó." Bí Ẹnjiníà bá ti ní kí n jókòó, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

Windows 10 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi, Microsoft sì ti ní àwọn ò tọ́jú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ń béèrè ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, nínú àwọn ṣíìpù Intel, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìran kẹjọ sókè nìkan ló ń gbà. Tèmi, ìran keje ni. Kò sóhun tó ṣe é o. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ló ń ṣe lójoojúmọ́. Wọ́n kàn ní ó ti dàgbà jù ni. Ó dùn mí.

Ẹnjiníà ní òun lè fi ọgbọ́n gbé Windows 11 wọ inú rẹ̀, òun á sì tún fi CorelDRAW tuntun sí i, sọ́fítíwíà tí mo fi ń ya batànì, èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kéèyàn lè lò ó láìsanwó fún àwọn tó ni ín. ₦3,000 fún méjèèjì.

Ni bẹ́ǹṣì bá gbaná.

Tíṣà ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní kíráàkì irú èyí ló gbé fáírọ́ọ̀sì wọ kọ̀ǹpútà òun lọ́jọ́sí, tí kò fi sí fáìlì kan tó ṣeé ṣí nínú fúláàṣì òun mọ́. "Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ní kéèyàn ṣe ni pé kó pa ohun tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tó ní kí ọlọ́dẹ lọ sùn kóun tó wọlé, kí ni ẹ rò pé ó fẹ́ wá ṣe?"

Ọmọkùnrin tòkunbọ̀ ní kí Tíṣà fi ìyẹn sílẹ̀. "Owó àwọn òyìnbó yẹn ti pọ̀ jù. Ta ló máa mọ̀ ní Kánádà pé mo lo Corel ní Òṣogbo?"

Tíṣà wá sọ ìtàn kan tí mo gbádùn. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí Bill Gates ti Microsoft jẹ́ ọmọ 20 ọdún, ó kọ lẹ́tà ìta gbangba sí àwọn tí ń da BASIC, sọ́fítíwíà tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ fún kọ̀ǹpútà Altair, kọ láìsanwó. Ó ní nínú àwọn tó ní Altair, ẹni tó ra BASIC ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. "Ṣé ẹ rí i," Tíṣà ní, "kó tó lówó ló ti ń ké." Ẹnìkan tún dárúkọ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, ṣùgbọ́n n ò rí ẹni tí òfin bà lẹ́rù lórí bẹ́ǹṣì yẹn.

N ò lè dá ọmọkùnrin yẹn lẹ́bi tán. Sídíì àdàkọ ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Ká ní wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ra Corel kí n tó fọwọ́ kan máòsì ni, ilé ni mi ò bá wà títí dòní. Ẹnjiníà pàápàá, Ọpọ́n Ìmọ̀ kan wà tó gbé kọ́ sára ògiri, lára àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá pín fún àwọn ọmọ iléèwé girama ní 2013. Ojú rẹ̀ ti fọ́, kò sì jẹ́ jù ú nù, torí òun ló kọ́kọ́ tú wò láyé ẹ̀. Ibi tí kálukú ti rí ìmọ̀ ló ti gbà á.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó wà lọ́kàn mi, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Lọ́dún tó kọjá mo ya batànì kan: omi Ọ̀ṣun tó ń ṣàn gba inú òòyà kọjá. Òru méje ni mo fi yà á, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo pa á rẹ́ tí mo tún un yà. Oṣù kejì ò tíì pé tí mo fi rí i lọ́jà, ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, iye tí wọ́n ń tà á ò tó owó aṣọ funfun tí èmi ń rà kí n tó rẹ ẹ́ rárá. Mo dúró níwájú ìsọ̀ náà, ẹkún gbọ̀n mí.

Gbogbo wọn kẹ́dùn. Ọmọkùnrin yẹn wá wò mí, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni: "Àǹtí, kí lẹ fi yà á?"

Corel ni. Èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

N ò rí nǹkan kan sọ. Ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀.

Tíṣà ló gbà mí sílẹ̀. Ó bi mí pé Ìbàdàndùn, batànì àdìrẹ tí mo máa ń yà, ta ló ni ín? Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń rò títí mo fi délé. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó ìlú Ìbàdàn wà nínú Ìbàdàndùn, 1929 ni wọ́n sì ṣí Mápó. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ohun tó ti wà látayébáyé. Ẹnìkan ló kọ́kọ́ fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ yà á sáṣọ, ẹlòmíì wò ó, ó yà á, ó fi àwòrán ṣíbí tirẹ̀ kún un, ìyá kọ́ ọmọ, ọ̀gá kọ́ ọmọ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń jí i, torí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún gbogbo aláró. Ẹni tó tẹ batànì mi, n kò fi í sílẹ̀ fún un. Kò béèrè, kò fi nǹkan kan kún un. Àwọn tó kọ Corel náà ò sì fi í sílẹ̀ fún mi.

Tíṣà ní sọ́fítíwíà tó dà bí Ìbàdàndùn wà. Linux ni òun ń lò dípò Windows, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991 nígbà tó wà ní yunifásítì Helsinki, ní Finland. Abẹ́ ìwé àṣẹ GPL ló wá fi í sí, èyí tí Richard Stallman kọ́kọ́ kọ ní 1989: dà á kọ, tún un ṣe, fún aládùúgbò rẹ, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Mo ní kó tún ìyẹn sọ. Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí nínú àdàkọ wa gan-an nìyẹn, pé mo lè fi fúláàṣì kan fa ẹlòmíì sókè.

Mo ní kí Ẹnjiníà fi Linux Mint, ọ̀kan lára irú Linux tó wà, àti Inkscape tí wọ́n fi ń yàwòrán bíi Corel sí i. Ojú ẹ̀ kọ́kọ́ korò, torí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, àmọ́ òun àti Tíṣà jọ ṣe é. Kò rọrùn o. Inkscape ṣí àwọn fáìlì Corel mi, ṣùgbọ́n lẹ́tà tú ká nínú òmíràn, àwọ̀ yí padà nínú òmíràn. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ni mo máa tún tò. Atẹ̀wé mi ní òun á gba PDF, ẹ̀rù ìyẹn ò bà mí mọ́. Nígbà tí mo wá ń wo àwọn kíbọ́ọ̀dù inú rẹ̀, mo rí Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà. Òun ni mo fi ń kọ èyí.

Ọmọ iṣẹ́ mi máa gba fírídọ̀mù ní oṣù Kejìlá. Mo ti ń ronú pé màá fún un ní Corel mi lọ́jọ́ náà, bí ọ̀gá mi ti fún mi. Bó bá dé lọ́jọ́ Ajé, òpó Mápó ni n ó ní kó kọ́kọ́ yà lórí Inkscape, torí ó mọ̀ ọ́n fi ìyẹ́ yà dáadáa. Mo ti da Linux Mint àti Inkscape sórí fúláàṣì kan fún un, mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.