Kí Ẹ Tó Gé Rọ́bà, Ẹ Mọ Ẹni Tí Ẹ Ń Ṣe: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ère Ọmọ Ogun Róòmù

Ohun tó ń ba ère ọmọ ogun kékeré onírọ́bà tí à ń tò, tí a sì ń kùn, jẹ́ jù kì í ṣe ọ̀dà tí kò tẹ́jú tàbí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Àìmọ ẹni tí à ń ṣe ni. Bí ẹ bá ra àpótí ọmọ ogun Róòmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹnì kan náà lẹ máa bá nínú rẹ̀: ẹ̀wù irin onípele, apata ńlá onígun mẹ́rin, sálúbàtà aláwọ. Ọmọ ogun ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, Róòmù jagun pẹ́ gan-an, aṣọ ogun wọn ò sì dúró sójú kan.

Àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, níbi tí odi Hadrian, odi ààlà tí àwọn ará Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í mọ lọ́dún 122, ti la ilẹ̀ kọjá láti etí òkun kan dé èkejì. Ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Burgh by Sands. Aballava ni àwọn ará Róòmù ń pe ibẹ̀. Lọ́dún 1934, wọ́n rí òkúta pẹpẹ kan ní Beaumont tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n sì bá orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Mauri lára rẹ̀. Ará Àríwá Áfíríkà ni àwọn Mauri, níbi tí Mòrókò àti Àlgéríà wà lónìí. Àárín ọdún 253 sí 258 ni wọ́n gbẹ́ òkúta náà. Bí mo ṣe ka èyí, mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ ṣe: ọmọ Áfíríkà tó ń ṣọ́ odi nínú òtútù tí èmi náà mọ̀ dáadáa.

Láti ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ti wá. Nígbà tí à ń wí yìí, ẹ̀wù onípele ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀wù olóòrùka irin ló gbòde. Apata ti di olóbìrípo gígùn, bí irú èyí tí wọ́n hú jáde ní Dura-Europos ní Síríà, pátákó tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ tí wọ́n sì kùn. Idà ti gùn sí i. Ẹ̀wù ti ní apá gígùn, ṣòkòtò ti dé ẹsẹ̀, bàtà sì ti bo ọmọ ìka. Kí n tó mú abẹ, mo kọ gbogbo ìwọ̀nyí sínú ìwé, mo sì fàlà sábẹ́ ohun tí mo máa gé kúrò.

Ère tèmi ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 11, ìdá kan nínú 16 èèyàn gidi. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ rọ́bà náà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí epo tó ń kù lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Bí ẹ bá ń gé e kúrò lára igi rẹ̀, ìyẹn férémù rọ́bà tó so àwọn ẹ̀yà ère pọ̀, ẹ kọ́kọ́ gé e jìnnà, kí ẹ tó wá padà gé èyí tó kù. Gọ́ọ̀mù rọ́bà máa ń yọ́ ojú méjèèjì pọ̀ ni, nítorí náà ẹ tò ó wò láìlẹ̀ ẹ́ ná.

Ẹ̀wù olóòrùka ló gba sùúrù jù. Epoxy putty ni mo lò, amọ̀ alápá méjì tí a máa ń pò pọ̀. Mo ha ìpele àyà ère náà kúrò, mo sì tẹ́ amọ̀ náà lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo gé ẹnu abẹ́rẹ́ dókítà kan kí ó lè tẹ́jú, mo wá ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó lè ya ìlàjì òrùka. Ìlà àkọ́kọ́ kọjú sí ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sí òsì, bẹ́ẹ̀ títí dé ìbàdí. Ẹ máa ki abẹ́rẹ́ náà bọ omi kí amọ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì po ju èyí tí ẹ lè tẹ̀ tán láàárín wákàtí kan. Ṣòkòtò àti bàtà kò le: amọ̀ náà ni, ẹ fi ọwọ́ tútù fà á.

Irun rẹ̀ wá láti ara ọwọ̀n Trajan, òpó òkúta gíga tí wọ́n gbẹ́ àwòrán ogun sí lára, tó ti wà ní Róòmù láti ọdún 113. Àwọn ẹlẹ́ṣin Mauri wà lára rẹ̀, irun wọn wà ní lílọ́, ó ń fì sílẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú ọmọ ogun tèmi, ṣùgbọ́n mo gbà á lò tayọ̀tayọ̀.

Òkúta ò sọ àwọ̀ ara. Àwọ̀ àwọn ará Àríwá Áfíríkà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, n kò sì fẹ́ sọ ọ́ di ọmọ Yorùbá, torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ ni mo yàn. Ibí ni kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa: ẹ má fi funfun mú ara dúdú mọ́lẹ̀. Á rí bí ara tí ọyẹ́ gbẹ. Àwọ̀ ìyeyè àti ọsàn díẹ̀ ni kí ẹ fi kún un fún ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà, bí iwájú orí, òkè ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú. Fún ibi òjìji, ẹ fi búlúù tó ṣú pò ó, kì í ṣe dúdú. Ẹ po ọ̀dà náà mọ́ omi kí ó ṣàn, kí ẹ kùn ún lérí ara wọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ máa ń mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn ọwọ́ lọ. Àwọn tó ń ṣe ère yìí sábà máa ń gbàgbé.

Fún ẹ̀wù irin, dúdú ni mo kọ́kọ́ kùn. Mo ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà fàdákà, mo nù ún sára àkísà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, mo sì rọra fi gba orí àwọn òrùka náà. Fáníìṣì tí kì í dán ni mo fún aṣọ àti awọ ara.

Ẹni tó kàn ni Victor, Mauri ọmọ ogún ọdún tí òkúta sàréè rẹ̀ wà ní South Shields. Ẹrú tó ti gba òmìnira ni, ẹlẹ́ṣin kan tó ń jẹ́ Numerianus ló sì sin ín. Kò wọ aṣọ ogun nínú àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sí òkúta náà. Ó fẹ̀yìn ti lórí àga gbọọrọ, ọmọ ọ̀dọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti ń wá ère tó jókòó tí mo lè gé.