Ọdún tí ọkọ̀ wa lò lórí ilẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdún ti ń lọ, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí ìrìnàjò wa nínú ọkọ̀ ojú omi oníìgbòkùn wa dé. Kò dé ibì kankan. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní pé kí oṣù kẹfà tó wọlé a ó ti la òkun Atlantic kọjá, torí ìjì hurricane máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti oṣù kẹfà títí di òpin oṣù kọkànlá, àmọ́ oṣù méje gbáko lọkọ̀ fi wà lórí ilẹ̀ gbẹrẹfu tí wọ́n figi tì í lọ́tùn-ún lósì, tó jẹ́ pé àkàbà la fi ń gòkè lọ sùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì la sì pè é o! Ká ṣáà ha ìsàlẹ̀ ẹ̀, ká kùn ún ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí ewédò lẹ̀ mọ́ ọn, ká pààrọ̀ zínkì ẹ̀ (zínkì yìí la fi ń tan omi iyọ̀ jẹ, òun lomi á máa jẹ dípò irin ọkọ̀), ó tán. Ìyàwó mi ló ní ṣé mo ti yẹ fáàfù abẹ́ síńkì tá a ti ń fọ nǹkan wò, ìyẹn èyí tó ń dí ihò tó lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já síta. Mo ní kí ló fẹ́ ṣe é. Mo kàn ní kí n yí i báyìí ni, ló bá kán sí mi lọ́wọ́ bí ẹfun. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ojú ibi tó kán pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò jọ idẹ mọ́ rárá: omi iyọ̀ ti fa zínkì inú idẹ náà tán, bàbà hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ ló kù. Àtàǹpàkò mi wọ ihò yẹn dáadáa. Ká ní àárín òkun ló ti já ńkọ́? Mi ò lè sọ̀rọ̀, ìyàwó mi náà ò sì bi mí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan nìyẹn. Fáàfù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la yọ dànù, a so igi ṣóńṣó kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan àwọn tuntun, tí nǹkan bá já ká lè tètè fi dí i. Mo fi òwú nu àwọn wáyà tó di òpó ìgbòkùn mú, òwú há sí ọ̀kan nísàlẹ̀, fọ́nrán kan ti já níbẹ̀, a bá kúkú pààrọ̀ gbogbo wọn, owó ẹ̀ ṣì ń dùn mí jàre. Omi ti wà nísàlẹ̀ táǹkì epo dísù, nǹkan dúdú tó ń yọ̀ ti hù sínú ẹ̀, ẹ̀bi tèmi ni, ààbọ̀ táǹkì ni mo fi sílẹ̀, òfìfo yẹn ló ń làágùn. Mẹkáníìkì kan tún gba owó wa tán kò padà wá mọ́, ẹ jẹ́ n má bá a débẹ̀.

Oṣù kọkànlá la tó bọ́ sómi. Ìgbòkùn ti di rírán, ìyàwó mi ló rán an, oòrùn ti jẹ òwú àtijọ́ débi pé èékánná ló fi ń já a. A ti yí ṣéènì ìdákọ̀ró padà, kí ìdí ẹ̀ tí ò tíì ṣiṣẹ́ rí lè bọ́ síwájú. Ó ku páǹpù tó ń fa omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, fíùsì ẹ̀ jó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, mi ò sì tíì mọ ohun tó ń jó o, mi ò ní tú okùn títí n ó fi mọ̀ ọ́n.

Lálaalẹ́ mo ṣì ń dìde lọ fọwọ́ kan abẹ́ síńkì yẹn. Ìyàwó mi á ṣe bí ẹni tó ti sùn, ìgbà tí mo bá padà dùbúlẹ̀ á ní, "Ṣó gbẹ?"