Ẹbọ níwájú ṣọ́ọ̀bù: Bali àti Òṣogbo

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Ubud ní Bali níbí, erékùṣù kan ní Indonesia, díẹ̀ ló kù kí n tẹ ẹbọ mọ́lẹ̀. Níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù ni o, láàárọ̀ kùtù, mo bá fò sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ Jésù ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, torí ní Òṣogbo tí wọ́n bí mi sí, tí ẹbọ bá wà ní oríta, òdìkejì títì ni kálukú máa gbà lọ. Ọmọbìnrin tó gbé e síbẹ̀ kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi ni, ó wọlé lọ sídìí kọ̀ǹpútà ẹ̀.

Canang sari ni wọ́n ń pè é. Màrìwò àgbọn ni wọ́n fi ń hun àwo ẹ̀, wọ́n á to òdòdó sí i, funfun sápá ìlà oòrùn, pupa sí gúúsù, yẹ́lò sí ìwọ̀ oòrùn, búlúù tàbí gríìnì sí àríwá, wọ́n á tan tùràrí, wọ́n á wọ́n omi mímọ́ sí i. Ojoojúmọ́ ni! Ó wà lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, ó wà nínú mọ́tò, ó wà lórí ọ̀kadà. Ajá á wá jẹ ìrẹsì orí ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lé e, wọ́n ní àwọn òrìṣà ti gba tiwọn tán.

Ti Nyepi ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ọdún tuntun wọn nìyẹn, ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹta. Lálẹ́ tó ṣáájú ẹ̀ wọ́n á gbé ogoh-ogoh jáde, ère ẹ̀mí burúkú ràgàjì tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kàn, ariwo, ìlù, agogo, tó bá wá di aago mẹ́fà àárọ̀, gbogbo ìlú á pa lọ́lọ́ fún wákàtí 24. Kò síná, kò síṣẹ́, kò sí ìrìn, kò sí fàájì, ẹ́ápọ́ọ̀tù pàápàá máa ń tì, láti 2018 sì ni wọ́n ti ń gé íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù. Àwọn pecalang tó ń ṣọ́ àdúgbò nìkan ló ń rìn. Ọkàn mi lọ sí Orò nílé. Àmọ́ nílé, àwa obìnrin ni wọ́n ń tì mọ́lé, níbí, ọkùnrin, obìnrin, Mùsùlùmí, òyìnbó tó wá gbafẹ́, gbogbo wa la jọ jókòó sílé. Láti kékeré ni mo ti ń bínú sí Orò, mi ò bínú sí Nyepi rárá. Ìràwọ̀ tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò rírú ẹ̀ rí.

Ọdún Galungan náà wà, lẹ́yìn ọjọ́ 210 ló máa ń padà yí po. Wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá wọn ń wálé, wọ́n á ri ọparun gíga tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ síwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Ará ọ̀run ni wọ́n ń gbà lálejò, bíi ti egúngún wa.

Ìyá àgbà mi ní ìkòkò Ọ̀ṣun lẹ́yìnkùlé, nílùú tí ayé ń wá ṣọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, tí UNESCO ti kọ orúkọ igbó ẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé láti 2005. Síbẹ̀, òru ni Ìyá àgbà máa ń lọ sídìí ìkòkò wọn. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n tán, orí ààtàn ni wọ́n da ìkòkò yẹn sí. Mo wà níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan, ó ṣì ń dùn mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo pe àbúrò wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni Ìyá àgbà máa ń kó sínú ìkòkò yẹn? Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn nìkan ló wà nínú yàrá.