Alẹ́ tí báfù han ní Kétu

Àyà mi ò tíì balẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ iná àti ohùn orí ìtàgé, àná sì ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ohùn sílẹ̀ fún èmi nìkan, níbi ìdánrawò Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nílé wa ní Kétu. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún aráyé lọ́dún 2008 mà ni o!

Màmá àgbà kan gbé orin. Ohùn wọn tutù bí omi àmù. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́, báfù, àpótí tí ohùn ń gbà jáde, han gooro! Gbogbo èrò fọwọ́ di etí. Ọ̀gá mi ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wo ibi tí Màmá dúró sí."

Wọ́n ti rìn bọ́ síwájú báfù. Ohùn tó ń jáde ló ń padà wọnú míkírò, tó tún ń jáde. Mo sáré gbé báfù síwájú, ó kọjú sí èrò, Màmá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo náà pa lọ́lọ́.

Mo kúnlẹ̀ bẹ Màmá. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ọ̀fun lásán ni Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, fi ń kọrin tí gbogbo ọjà fi ń gbọ́.